Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Pápá Disc Golf Inú Igbó: Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Dá Àwọn Igi Náà Sí

Ẹ̀yin Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ka ìkéde tí ẹ lẹ̀ mọ́ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà pápá, níbi tí ẹ ti sọ pé ẹ ń gbèrò láti gé àwọn igi tó wà láti agbọ̀n kẹrin dé agbọ̀n kẹsàn-án kí ọ̀nà lè fẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré ń ráhùn pé igi ti pọ̀ jù àti pé àwo àwọn ń sọnù. Ẹ fi kún un pé ẹni tó bá ní èrò kó kọ ọ́ wá. Tèmi nìyí, mo sì kọ ọ́ ní gbangba kí gbogbo àwa tí a jọ ń lo pápá náà lè rí i: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àwọn igi náà sí. Igi ńlá kọ́ ló ń gbé àwo mì. Ìtàkùn, koríko àti igi wẹ́wẹ́ ẹlẹ́gùn-ún tó hù sábẹ́ rẹ̀ ni, ẹ sì lè ṣán ìyẹn láìfi àáké kan igi ńlá kan ṣoṣo.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín má tíì ju àwo rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nínú disc golf, eléré máa ń dúró sórí pèpéle, á sì ju àwo kan lọ sápá ibi tí agbọ̀n irin wà, agbọ̀n tí wọ́n so ṣéènì rọ̀ sókè rẹ̀ yí ká. Ibi tí àwo bá balẹ̀ sí ni yóò ti ju èyí tó tẹ̀ lé e, títí àwo yóò fi kọlu ṣéènì tí yóò sì jábọ́ sínú agbọ̀n; ẹni tí iye ìjù rẹ̀ lápapọ̀ bá kéré jù lọ lẹ́yìn gbogbo agbọ̀n tó wà ní pápá ló borí. Àwo náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọdé ń jù sí ara wọn létí òkun. Ó kéré jù ú lọ, ó sì wúwo jù ú lọ: èyí tí a ń jù lọ sí ọ̀nà jíjìn sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21, ìwọ̀n rẹ̀ á tó gíráàmù 170 tàbí kó lé díẹ̀, etí rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́ débi pé ó lè ya èèpo lára igi.

Láàárín igi ni pápá eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1975, Ed Headrick, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Wham-O níbi tó ti tún àwo Frisbee ṣe, ṣètò pápá disc golf àkọ́kọ́ tó fìdí múlẹ̀ sí Oak Grove ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà. Orúkọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀, igbó igi oak ló túmọ̀ sí. Òpó lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń ju àwo lù níbẹ̀, kí Headrick tó ronú kan agbọ̀n oníṣéènì tí gbogbo ayé ń lò báyìí. Ní 1976 ló dá PDGA sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré náà títí di òní. Mo mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú ìkéde yín, pé ẹ fẹ́ kí pápá wa “jọ pápá gidi.” Pápá gidi ni, ẹ̀yin àgbà. Bí wọ́n ti ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú agbọ̀n keje wá fún àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wà lára àwọn tí ẹ fẹ́ là. Láti orí pèpéle rẹ̀ dé ìdí agbọ̀n kò ju nǹkan bíi mítà 80 lọ. Igi ńlá méjì dúró níwájú bí òpó ẹnu ọ̀nà, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló sì wà láàárín wọn. Lẹ́yìn wọn, ọ̀nà náà yà sí òsì díẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí agbọ̀n wà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju àwo, tó ń fà á láti ẹ̀gbẹ́ òsì ara rẹ̀ wá, mọ̀ pé àwo òun yóò máa fà sí òsì bí eré rẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀, nítorí náà ọ̀nà yẹn bá a mu rẹ́gí: bó bá ti lè gba àárín igi méjèèjì kọjá, àwo náà yóò fúnra rẹ̀ yà síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ díẹ̀ péré kó tó jù ú sílẹ̀, ẹ óò gbọ́ “pàà!” lára igi ọ̀tún, àwo náà á sì fò padà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti fọwọ́ kan ara igi ọ̀tún yẹn nígbà púpọ̀. Láti ibi orúnkún dé ibi èjìká rẹ̀ ni àpá wà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí etí àwo fi lé e lára. Àwọn kan ti jinná, wọ́n ti le, àwọn mìíràn ṣì ń sun oje. Mo mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn, nítorí àwọ̀ pupa àwo mi ṣì wà nínú rẹ̀. Mi ò sì tíì rí ẹni tó gba àárín igi méjèèjì yẹn kọjá nígbà àkọ́kọ́ tí kò kígbe ayọ̀.

Bí ẹ bá gé wọn, agbọ̀n keje yóò di ilẹ̀ gbalasa oní mítà 80 tí ẹnikẹ́ni tó bá lápá lè fi ìjù kan dé ìdí rẹ̀, kò sì ní sí ohun tí yóò mú èèyàn dúró ronú kó tó jù. Lórí ilẹ̀ gbalasa, alágbára ló ń borí. Nínú igbó, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù tààrà ló ń borí, èyí sì ni ìdí tí pápá inú igbó fi gba àgbà, ọmọdé àti obìnrin mọ́ra ju bí èèyàn ṣe ń rò lọ. Bàbá kan wà tí a jọ máa ń ṣeré ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún wọn kan sì ń dùn wọ́n. Àwo tí kì í sáré púpọ̀ ni wọ́n máa ń lò, irú èyí tí kì í yà pọ̀, wọ́n á kàn jù ú ní mítà 50 sí àárín ọ̀nà, wọ́n á rìn dé ibẹ̀, wọ́n á tún jù ú. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: bí bàbá náà ṣe ń ṣeré gẹ́lẹ́ nìyẹn, kí wọ́n tó mú àwo jáde nínú báàgì ni wọ́n ti yan àlàfo tí yóò gbà kọjá. Mo rí i lójú ara mi nígbà tí wọ́n borí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí apá wọn le, tí wọ́n ń fi tagbáratagbára ju àwo lu igi láti agbọ̀n kẹrin dé kẹsàn-án. Bí ọ̀nà bá là gbalasa, bàbá yìí kò ní borí ẹnikẹ́ni mọ́, afẹ́fẹ́ tí àwọn igi ń bá wa dá dúró yóò sì máa gbé àwo wọn tó lọ́ra kiri.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ àwo tó ń sọnù, nítorí òun ni ìráhùn náà dá lé, ìráhùn òtítọ́ sì ni. Àwo gidi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lójoojúmọ́, ó sì ń dun ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tirẹ̀ bó bá pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú ìdíje, ìṣẹ́jú 3 péré ni òfin fún wa láti wá àwo. Bí a kò bá rí i, a ó padà síbi tí a ti jù ú, a ó sì fi ìjù kan kún iye tiwa. Mo ti bá àwọn èèyàn wá àwo láìmọye ìgbà nínú pápá yìí, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ibi tí a ti ń rí wọn. Àwo tó bá kọlu ìdí igi ńlá máa ń jábọ́ sílẹ̀ nítòsí, a sì ń rí i kíá. Èyí tó máa ń wọ́n ni èyí tó bá yọ̀ wọ abẹ́ ìtàkùn ní ẹ̀gbẹ́ òsì agbọ̀n karùn-ún, tàbí tó rá wọ abẹ́ ewé gbígbẹ lẹ́yìn agbọ̀n kẹfà, nítorí pé pẹlẹbẹ ni àwo rí, ó sì máa ń yọ́ wọlé bí ẹja. Bí wọ́n bá fi àdá ṣán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà títí dé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, tí wọ́n sì gbá ewé gbígbẹ kúrò ní ibi tí àwo sábà máa ń balẹ̀ sí, apá tó pọ̀ jù nínú ìráhùn yẹn yóò tán. Ẹ lè kọ ìmọ̀ràn kan sára pátákó pẹ̀lú: kí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣeré mú àwo aláwọ̀ pupa tó mọ́lẹ̀, ọsàn tàbí funfun wá, kó fi aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ sílé.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nípa gígé igi nìyí. Ewé orí àwọn igi wọ̀nyẹn ló ń dí oòrùn lọ́wọ́ kó má dé ilẹ̀, ibòòji yẹn ló sì jẹ́ kí ìtàkùn mọ níwọ̀n. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí òkè sílẹ̀ fún oòrùn ni gbogbo ohun tó sá pa mọ́ sínú ilẹ̀ yóò hù jáde, àwo yóò sì máa sọnù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Mo ti ṣeré rí ní pápá kan tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí àwọn alábòójútó ti ro ohun tí ẹ ń rò yìí, tí wọ́n sì gé igi láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún kejì, koríko ti dé mi ní ìbàdí níbi tí mo ti ń rìn geere lórí ewé tẹ́lẹ̀. Kùkùté wà káàkiri, èèyàn sì ń fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀, kò sí gbòǹgbò tó di erùpẹ̀ mú mọ́, ọ̀gbàrá sì ti wa ọ̀nà tó jìn tó orúnkún síwájú pèpéle. Àwo méjì ni mo pàdánù lọ́jọ́ yẹn. Tọkàntọkàn ni àwọn alábòójútó ibẹ̀ fi ṣe é, bí ẹ̀yin náà ṣe fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà.

Mi ò sọ pé kí ẹ má gé igi kankan. Igi tó ti kú lẹ́yìn agbọ̀n kẹjọ, tí ẹ̀ka rẹ̀ gbígbẹ ń rọ̀ dirodiro lókè ibi tí a ń dúró sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá wa yọ ọ́, nítorí ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju eré lọ. Àwọn tó dá ṣáṣá náà nílò ìtọ́jú: ẹ lè to òpó tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú àwọn tí àwo ń lù jù kí wọ́n máa bá wọn gba ìlù, ẹ sì lè da èérún igi sí ìdí wọn kí ẹsẹ̀ wa má baà tẹ ilẹ̀ mọ́ gbòǹgbò wọn títí omi kò fi ní ráyè wọlé. Ibi méjì tàbí mẹ́ta tí a lè máa gbé agbọ̀n kan sí, tí a ó máa pààrọ̀ wọn látìgbàdégbà, yóò jẹ́ kí ilẹ̀ ìdí agbọ̀n sinmi. Ìwé òfin PDGA pàápàá kò gba eléré láyè láti ṣẹ́ ẹ̀ka igi tàbí kó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà lè là fún un. Bí ìdíje bá gbóná, tí ẹ̀ka kan sì na ọwọ́ síwájú mi, ńṣe ni mo gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà yí i ká.

Ẹ jẹ́ kí n wá yìn yín, nítorí ó tọ́ sí yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé àròyé nìkan ni mo mọ̀. Ohun tó mú kí pápá yìí ṣeé lò fún gbogbo ènìyàn ni àwọn ohun ìrọ̀rùn tí ẹ fi síbẹ̀, àwọn ló sì ń jẹ́ kí igbó náà ṣeé fara dà fún ẹni tí igbó ń bà lẹ́rù. Pèpéle kọnkéré tí ẹ ṣe ní ojú tó rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bí ọ̀nà ṣe yà hàn àti iye mítà tó jìn. Àwọn ọfà kéékèèké tí ẹ kàn mọ́ òpó láti agbọ̀n kan dé pèpéle tó kàn dà bí ohun kékeré lójú ẹni tó ti mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo ti ṣìnà rí nínú igbó pápá mìíràn tí kò ní irú rẹ̀. Láti agbọ̀n kọkànlá ni mo ti ń wá ìkejìlá títí ilẹ̀ fi ń ṣú, èmi àti àbúrò mi, tí a ń rìn yíká ibì kan náà, tí a sì ń pariwo bóyá ẹnì kan wà nítòsí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iyì ọfà.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn agbọ̀n kẹsàn-án ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Agbọ̀n 18 gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó, pàápàá bí èrò bá pọ̀. Ìyá kan máa ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó sọ fún mi pé òun kì í lọ sí pápá mìíràn, torí pé níbí nìkan ni òun ti mọ̀ pé bí ọmọ bá ní òun fẹ́ tọ̀, ibi tó mọ́, tó ní ilẹ̀kùn, wà nítòsí. Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, lórí bẹ́ńṣì agbọ̀n kẹsàn-án ni wọ́n ti máa ń na ẹsẹ̀ wọn kí a tó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi náà ti ń kán tó nǹkan bí oṣù kan, bẹ́ńṣì agbọ̀n kẹtàlá sì ti já ní ẹsẹ̀ kan. Owó tí ẹ fẹ́ san fún àwọn tí yóò wá fi ẹ̀rọ gé igi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ṣe ìwọ̀nyí.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré, ohun tí mo rò pé yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ ju ọ̀nà fífẹ̀ lọ ni pèpéle kejì, tó sún mọ́ agbọ̀n, láti ìkẹrin dé ìkẹsàn-án. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sí mítà 45 péré sí agbọ̀n keje, ní ẹ̀yìn igi méjèèjì, ọmọdé lè ju àwo tirẹ̀ láìkan igi, á sì máa wo igi náà lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi dàgbà tó láti padà sẹ́yìn dán an wò. Púpọ̀ nínú àwọn pápá ńlá ló ní pèpéle ju ẹyọ kan lọ fún agbọ̀n kan. Ní Maple Hill tó wà ní Leicester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, oko igi Kérésìmesì ni pápá náà wà, àwọn ìdíje ńlá sì ti wáyé níbẹ̀ léraléra. Ní 2023, nígbà tí ìdíje àgbáyé wáyé ní Smugglers' Notch ní Vermont, ọ̀kan nínú pápá méjì tí wọ́n lò, Brewster Ridge, inú igi ló wà. Isaac Robinson ló gba ife ẹ̀yẹ àwọn ọkùnrin, Kristin Tattar ará Estonia sì gba ti àwọn obìnrin. Àwọn tó mọ eré yìí jù láyé gbà kí igi dán wọn wò.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà, ẹ wá bá wa rìn láti agbọ̀n kẹrin dé ìkẹsàn-án, ní òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn bá ń gba àárín ewé wọlé. A ó fi àwo lé yín lọ́wọ́. A ó fi ibi tí àwo ti ń sọnù gan-an hàn yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Bákan náà, àwa mẹ́rìnlá tí a ti jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí ti gbà láti mú àdá, ráékì àti ìbọ̀wọ́ wá ní Sátidé méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, láti ṣán ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìgba owó kankan, bí ẹ bá ti lè yọ̀ǹda fún wa, tí ẹ sì rán ẹnì kan wá láti fi ohun tí a lè gé àti ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn hàn wá. Aago méje òwúrọ̀ ni a ó wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn eléré yín